Mo Wẹ Adìyẹ Mi Bí Ọmọ Tuntun

Títí di òní, bí mo bá ti gbóòórùn pọ́dà ọmọdé, ọjọ́ kan ló máa ń wá sí mi lọ́kàn, ẹ̀rín á sì pa mí.

Adìyẹ ààyè ni mò ń tà lójú ọ̀nà Alábàtà. Ni ọmọbìnrin kan bá wá láti yunifásítì, ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa. Ó ní, "Màmá, kòkòrò kan wà tí ojú lásán ò lè rí, inú ìfun adìyẹ ló ń gbé. Kì í ṣe adìyẹ ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n tó bá wọnú èèyàn, inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru ni. Ẹ jẹ́ ká wá yẹ tiyín wò lọ́la."

Mo gbà, àmọ́ àyà mi já. Ohun tí Ìyá Sikírá tó ń ta ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bá gbọ́ láàárọ̀, kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti gbọ́ ọ dé Kọ́bapẹ́. Tí wọ́n bá rí kòkòrò lára adìyẹ mi, oníbàárà wo ló tún máa yà sọ́dọ̀ mi?

Ni mo bá gbọ́n ju ara mi lọ. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, mo gbé omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kalẹ̀, mo mú ọṣẹ dúdú àti kànrìnkàn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ adìyẹ. Mo fọ abẹ́ apá, mo fọ abẹ́ itan, mo fi pọ́dà sí wọn lọ́rùn.

Ìyá Sikírá yọ dé. "Ìyá Aládìyẹ, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkómọ ibo lẹ ń kó wọn lọ?"

"Ilé tìẹ ni. Lọ to àga síta dè wá."

Ọmọ yunifásítì dé, ó wọ ìbọ̀wọ́. Mo na adìyẹ tó mọ́ jù sí i, mo ń retí ìyìn. Kò tilẹ̀ wo ìyẹ́ rẹ̀. Ó yí i padà, ó fa òwú tí wọ́n wé mọ́ igi tín-ín-rín yọ, ó tì í bọ ihò ìdí rẹ̀! Ibì kan ṣoṣo tí kànrìnkàn mi ò dé.

"Ṣé ibẹ̀ lẹ fẹ́ yẹ̀ wò ni?" Mo kígbe.

"Màmá, inú ìfun ni mo sọ fún yín."

Ṣé adìyẹ fẹ́ràn ìwọ̀sí ni? Ó jà pìtìpìtì, ara rẹ̀ ṣì ń yọ̀, ó bọ́, ó gba orí igbá ata Ìyá Sikírá kọjá, èmi náà sáré tẹ̀lé e. Nígbà tí màá fi gbá a mú, ó ti ṣu sí mi lọ́wọ́. Mo nu ọwọ́ mọ́ ìró, mo jókòó, mo mú àkàrà mi.

"Màmá, ẹ fọwọ́!"

"Ọmọ mi, láti àárọ̀ ni mo ti ń fọ nǹkan. Ó ti rẹ̀ mí." Mo bu àkàrà náà jẹ.

Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà ló pè mí lórí fóònù, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Màmá, ẹ má bínú o. A rí kòkòrò yẹn."

Inú ṣálángá ni mo ti gbé e. "Ọmọ mi, èmi ti rí i ṣáájú yín. Láti àná la ti jọ wà níbí."

Ìyá Sikírá ròyìn mi dé Kọ́bapẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ìtàn adìyẹ onípọ́dà ló ń sọ fún wọn. Ni àwọn èèyàn bá ń wá wo ìyá tó ń wẹ adìyẹ, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì rà. Omi àti ọṣẹ wà níwájú ìsọ̀ mi báyìí: ẹni tó bá di adìyẹ mú, kó fọwọ́, tó bá délé, kó sè é jinná dénú eegun.

Ìwẹ̀ tó yẹ kí n fún ọwọ́ ara mi ni mo lọ fún adìyẹ. Àwọn yẹn ò tilẹ̀ dúpẹ́!