Ọkọ̀ Tí Kò Jo Rí

"Ọkọ̀ yìííí? Ọkọ̀ tèmiii? Kó wá máa joooo? Háà! Ìyá Télọ̀, ẹ má bà mí lórúkọ jẹ́ láàárọ̀ yìí o!"

Ẹ di imú yín mú kẹ́ ẹ tún un kà, ẹ ó gbọ́ ohùn Kápúténì gan-an. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni, ọkọ̀ ojú omi àlòkù ló ń tà létí omi lẹ́yìn ilé wa, ó sì máa ń ránmú sọ̀rọ̀. Tó bá pe "jo", ẹ ò ní mọ̀ bóyá omi ló ń jò àbí èèyàn ló ń jó. Mi ò ní bá a fi àmì sí i, torí òun náà kì í fi sí i. Ẹni tí wọ́n jọ ń fà á ni Ìyá Télọ̀ tó ń rán aṣọ ilé-ìwé, téèpù lọ́rùn, ṣọ́ọ̀kì lẹ́yìn etí. Ọkọ̀ náà wà lórí omi níwájú wọn, wọ́n fi okùn so ó mọ́ òpó afárá pákó.

"Kápúténì, mi ò bá yín jà. Ìbéèrè ni mo bi yín. Ṣé ó ń jò?"

"Ẹ ò ka pátákó ni? Mo kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà síbẹ̀!"

Ìyá Télọ̀ yíjú sí pátákó. OKO TITA. KO JO. Àmì kan ṣoṣo ò sí lórí ẹ̀.

"Mo kà á. Mo kọ́kọ́ rò pé oko lẹ ń tà, mo ní ta ló ń dáko sórí omi? Mo tún un kà, mo ní àbí ọkọ ni, ìyàwó wo ló gbé tiẹ̀ síta báyìí?"

"Ọkọ̀ ni! Ọkọ̀ ojú omi!"

"Mo ti wá rí i. Ìlà kejì ló dẹ́rù bà mí. 'Kó jọ.' Mo ní áà, ó ti fọ́ nìyẹn, wọ́n ní kẹ́ni tó bá rà á kó o jọ."

"Kò jo! Kò jo ni mo kọ! Ọ̀dà ló tán kí n tó fi àmì sí i."

"Ibo wá ni ọ̀dà yẹn lọ?"

"Ara ọkọ̀ ló lọ. Ẹ ò rí bó ṣe ń dán, nínú lóde?"

Ìyá Télọ̀ bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan ra ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ìka ẹ̀ di búlúù.

"Gbogbo ara ẹ̀ ti gbẹ, àfi ibí yìí tó tó àpò ṣẹ́ẹ̀tì."

"Atẹ́gùn ò dé ibẹ̀."

"Télọ̀ ni mí o, Kápúténì. Tí mo bá rí ibi tó jẹ́ tuntun lára aṣọ àlòkù, mi ò kì í béèrè bóyá ó ya. Mo kàn máa ń béèrè ohun tó fà á ya."

"Kò ya! Ẹja kan ló fi orí gbá a."

"Ẹja ọ̀hún ńkọ́?"

"Ó kú."

"Ọkọ̀ tó ń pa ẹja láìlo àwọ̀n, kí lẹ wá ń tà á sí?"

Kápúténì na àtẹ́lẹwọ́ síwájú. "Ìyá Télọ̀, ẹ sáà fún mi lówó, kẹ́ ẹ máa gbé e lọ."

"Ẹ ní sùúrù. Ta ló ń lò ó tẹ́lẹ̀?"

"Olùkọ́ àgbà kan. Jẹ́ẹ́jẹ́ ló ń lò ó. Kì í gbé e kúrò lójú kan. Ó kàn máa ń jókòó sínú ẹ̀ kàwé ni."

"Kí ló dé tó fi tà á?"

"Ó kàwé tán."

"Ìwé ọ̀hún gbẹ àbí ó tutù?"

"Ìyá Télọ̀!"

Ìyá Télọ̀ ti débi ẹ́ńjìnnì. Kápúténì ti gbé ìdí ẹ̀ sókè kúrò nínú omi, kó lè máa dán lójú oníbàárà. Ìyá Télọ̀ gbé ọwọ́ lé e, ó sì yára fà á padà.

"Yéè! Ara ẹ̀ gbóná."

"Oòrùn ni."

"Oòrùn wo? Abẹ́ igi la wà. Àbí ara ẹ̀ ò yá ni?"

"Ara ẹ̀ yá gágá! Ẹ jẹ́ n fa okùn ẹ̀, kẹ́ ẹ gbọ́ ohùn."

"Rárá, ẹ jẹ́ kó tutù ná. Tí mo bá dé ṣọ́ọ̀bù tí mo bá ayọ́ọ̀nù tó gbóná lórí tábìlì, mo mọ̀ pé ẹnì kan ti lò ó kí n tó dé. Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ fa okùn yẹn láàárọ̀ yìí kó tó dáhùn?"

"Ẹ̀ẹ̀kan."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré?"

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ló dáhùn."

"Mi ò béèrè iye ìgbà tó dáhùn. Iye ìgbà tẹ́ ẹ pè é ni mo ń béèrè."

"Ta ló ń ka irú ìyẹn?" Apá ọ̀tún ẹ̀ ṣì ń gbọ̀n. Ó fi tòsì dì í mú.

"Abẹ̀bẹ̀ ìdí ẹ́ńjìnnì yìí náà, ewé méjì ni mo rí. Ojú ìkẹta rèé. Ìkẹta ọ̀hún dà?"

"Ọ̀lẹ ni. Mo lé e lọ."

Ìyá Télọ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó nu ìka búlúù yẹn mọ́ pákó afárá.

"Kápúténì, ẹ gbọ́ mi o. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi tó tóbi jù ni mo tà kí n tó wá síbí. Ọgọ́ta aṣọ ilé-ìwé ló wà nílẹ̀ nílé mi, òdìkejì omi yìí ni wọ́n ń lọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ọkọ̀ tí mo háyà lọ́jọ́sí gba omi sínú, búlúù ṣí sára funfun, gbogbo ọmọ ilé-ìwé rí bí ẹni tí wọ́n da yíǹkì sí lára. Ọ̀gá wọn ní tí aṣọ bá tún tutù pẹ́nrẹ́n, òun á gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíì. Torí náà, ìgbà ìkẹyìn tí mo máa bi yín rèé. Ṣé ó ń jò?"

Kápúténì gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó fi tòsì di àyà mú.

"Ìyá Télọ̀! Níwájú omi yìí! Tí ọkọ̀ yìí bá jo, kí n gbé e fún yín lọ́fẹ̀ẹ́! Tẹ́ńjìnnì tẹ́ńjìnnì! Tokùn tokùn!"

"Mo gbọ́. Tó bá jò, lọ́fẹ̀ẹ́."

"Tó bá jo! Ó yá, ẹ fún mi lówó."

"Kò tíì yá. Ẹ wọ̀ ọ́ ná."

"Kí n kí ni?"

"Kẹ́ ẹ wọ̀ ọ́. Ṣebí aṣọ là ń wọ̀, ọkọ̀ náà là ń wọ̀. Oníbàárà mi kan ò gbé aṣọ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rí láìwọ̀ ọ́ wò. Ẹ wọlé síbẹ̀, kí n wo bó ṣe bá èèyàn mu."

Kápúténì wo omi. Ó wo ṣòkòtò funfun tó wọ̀, ó wo bàtà tó ń dán lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo bó ṣe ń jẹ́ Kápúténì yẹn, mi ò rí i kó wọ ọkọ̀ kankan rí.

"Ẹ̀yin lẹ fẹ́ rà á. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ wọ̀ ọ́."

"Tí mo bá wọ̀ ọ́, ta ló máa bá mi wo ẹ̀yìn? Àbí ó ń jò ni?"

"Ta ló ń jo?"

Bó ṣe wọlé nìyẹn. Ó fi ẹsẹ̀ kan wá ilẹ̀, ó fi ìkejì bẹ Ọlọ́run. Ó jókòó sórí pákó àárín bí ẹni tí wọ́n gbé síwájú adájọ́. Ìyá Télọ̀ yọ ṣọ́ọ̀kì lẹ́yìn etí, ó nawọ́ wọnú ọkọ̀ láti orí afárá, ó fa ìlà funfun kan síbẹ̀, ó fi bí ìka méjì ga ju ìsàlẹ̀ ọkọ̀ lọ.

"Kí nìyẹn?"

"Ibi tí mo fẹ́ kó mọ ni. Mo máa ń fa irú ẹ̀ sétí ṣòkòtò tó bá gùn jù."

Ó wá tú téèpù lọ́rùn. Ó wọn ọkọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó gbàgbé iye tó jẹ́, ó tún un wọ̀n. Ó wọn ìbú ẹ̀. Ó wọn pákó tí Kápúténì jókòó lé. Ó wọn Kápúténì.

"Ìyá Télọ̀, ẹ ṣe kíá."

"Ẹ má mira, ìwọ̀n ń sá lọ."

Kápúténì rọra gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè.

"Kí lẹ gbé ẹsẹ̀ sí?"

"Bí mo ṣe máa ń jókòó nìyẹn."

Ó gbé tòsì náà sókè.

"Ìyẹn náà ńkọ́?"

"Kó lè bá ìkejì ẹ̀ ṣeré."

"Kápúténì, omi ni mò ń wò nísàlẹ̀ yẹn."

"Omi kọ́. Òógùn ni. Ọkọ̀ gidi máa ń làágùn tó bá ń ṣiṣẹ́."

"Kò tíì ṣiṣẹ́ kankan."

"Ó ń ronú iṣẹ́ ni."

"Ìlà ṣọ́ọ̀kì mi dà?"

Kápúténì wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó wo ibi tí ìlà wà tẹ́lẹ̀.

"Òógùn ti nù ún."

"Ó ń jò! Kápúténì, ó ń jò, ojú yín ló ṣe! Ẹ ní tó bá jò, lọ́fẹ̀ẹ́!"

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyí o. Lójijì, Kápúténì ò ránmú mọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, mi ò gbọ́ kóhùn ẹ̀ mọ́ gaara báyẹn rí. Ó dà bí ẹni tó ń ka ìròyìn.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Mo ní tó bá JÓ. Jó! Bí èèyàn ṣe ń gbé ẹsẹ̀ jó! Ohùn òkè! Mi ò dárúkọ jò. Ìyá Télọ̀, ṣé ẹ rí i kí ọkọ̀ yìí jó?"

Ìyá Télọ̀ dá téèpù padà sọ́rùn. Ó wo okùn tí wọ́n fi so ọkọ̀ mọ́ òpó. Ó gbá a mú lọ́wọ́ méjèèjì.

"Jó lẹ ní?"

"Jó ni mo ní."

"Ẹ tún un pè, kó dá mi lójú."

"JÓ!"

Ìyá Télọ̀ fa okùn. Ó dẹ̀ ẹ́. Ó tún un fà. Ọkọ̀ ju ìdí sọ́tùn-ún, ó jù ú sósì, ó tẹrí ba, ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Kápúténì ṣubú kúrò lórí pákó, ó fi ìdí jókòó sínú òógùn. Bàtà kan léfòó, ó ń wá ọ̀nà ilé lọ.

"Kápúténì, kí ló ń ṣe báyìí?"

"Yéè! Ẹ dá a dúró!"

"Kí ló ń ṣe? Ẹ pè é dáadáa, kí n gbọ́ àmì orí ẹ̀."

"Ó ń jó! Ó ń jó! Ó ń jò, ó sì tún ń jó! Yéè, mi ò mọ̀ ọ́n wẹ̀! Ìyá Télọ̀, ẹ fún mi lọ́wọ́!"

"Lówó kẹ̀? Ṣebí lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ ní."

"Ọwọ́! Ọwọ́ yín! Ọwọ́ ni mo ní!"

"Ẹẹ̀n. Kẹ́ ẹ máa fi àmì sí i nígbà gbogbo."

Ó nawọ́ sí i, ó fà á jáde. Kápúténì dúró sórí afárá, bàtà ẹsẹ̀ kan, omi ń ro tó, tó, tó. Ìdí ṣòkòtò funfun ẹ̀ ti di búlúù kíríkírí.

"Ẹ ò rí i," ni Ìyá Télọ̀ wí. "Bí búlúù ṣe ṣí sára aṣọ àwọn ọmọ ilé-ìwé mi gan-an nìyẹn. Ẹ má ṣèyọnu, owó ẹ̀rọ mi ṣì wà lápò. Màá yọ díẹ̀ níbẹ̀ fún gbẹ́nàgbẹ́nà, á bá mi lẹ ibi tí ẹja fi orí gbá. Kí Mọ́ńdè tó dé, á ti gbẹ." Ó ti ń tú okùn lára òpó.

"Ìyá Télọ̀, ẹ ṣàánú mi! Òní nìkan ni! Orí yín ló pàdé ẹ̀! Mo fi bàtà mi tó lọ búra, láti ọjọ́ tí mo ti gba ọkọ̀ yìí, kò jò rí! Jò o! Ohùn ìsàlẹ̀! Kò jò rí!"

Ọwọ́ Ìyá Télọ̀ dúró lórí okùn. Ojú ẹ̀ ti fẹ́ rọ̀ díẹ̀. Ni ohùn ìyá mi bá ta láti ojú fèrèsé ilé ìdáná, tín-ín-rín bíi fèrè rẹfirí:

"Ìwọ ọmọ yìíííí! Ibo lo wọlé sí? Ẹ̀ẹ̀kan péré lo tíì gbọ́n omi inú ọkọ̀ bọ̀dá mi láàárọ̀ yìí! Àbí o fẹ́ kó tún rì bíi ti àná ni? Wá gbé korobá, jàre!"

Kápúténì rọra fi ìka méjì di imú ẹ̀ mú.

Mò ń bọ̀ o, màámi!