Òfin Dísù Tí Èmi Nìkan Ṣe

Bí mo bá di arúgbó tí mo gbàgbé orúkọ ara mi, mi ò rò pé màá gbàgbé ọjọ́ tí mo jókòó sí pálọ̀ àwọn àna mi ní Ẹ̀pẹ́, tí mo ṣe òfin fún gbogbo ọlọ́kọ̀ dísù tó wà ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹnikẹ́ni kò dìbò yàn mí. Ìlara ló gbé mi sórí àga.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ẹni tí mò ń jowú. Múfú ni, ọkọ àbúrò ìyàwó mi. Ìjẹ̀dé ló ń gbé, yìnyín tí àwọn ẹlẹ́ja fi ń tọ́jú ẹja ló ń tà. Èmi jẹ́ ọmọ Ọ̀ṣun tó háyà ilé sí Lásunwọ̀n n'Íkòròdú, mo sì ń ṣiṣẹ́ nílé ìkẹ́rùsí iléeṣẹ́ kan níbẹ̀. Ọdún mẹ́fà gbáko ni mo fi ṣáájú Múfú di àna ilé náà. Síbẹ̀, "Múfú mi" ni Bàbá àwọn ìyàwó wa ń pè é. Èmi? "Ọkọ Ràmọ́tà." Bí ẹni ń ka orúkọ lára fáìlì.

Ọkọ̀ ló fa gbogbo ẹ̀. Nígbà tí owó bẹntiróòlù fò sókè, ọkọ̀ mi tí mo ti ń yangàn pé ẹ́ńjìnnì ẹ̀ tóbi wá ń mu epo bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣínu. Múfú lọ ra ògbólógbòó ọkọ̀ dísù kan, ti àwọn ará Jámánì, tó ń dún bí ẹ̀rọ ìlọta. Mo fi rẹ́rìn-ín títí. Àṣé ẹ̀rín ẹlẹ́yà ló máa padà kàn mí. Múfú á rọ epo lọ́jọ́ Ajé, á lọ sí Ẹ̀pẹ́, á bọ̀, á tún lọ, Bàbá á sì jáde láti wo ọwọ́ epo, èyí tó ń sọ iye epo tó kù, nínú ọkọ̀ ẹ̀. "Ó ṣì wà níbẹ̀ o," Bàbá á wí, inú ẹ̀ á dùn bíi pé òun ló ni ín. Kò sẹ́ni tó wo ọwọ́ epo tèmi rí. Èmi alára kò láyà láti wò ó.

Nígbà tó yá, àyè Mẹ́kà já fún Bàbá. Nínú ilé yẹn, ẹni tó bá gbé Alájì dé pápákọ̀ òfurufú, orúkọ ẹ̀ ni Alájì máa kọ́kọ́ dá nínú àdúà bó bá dé Árafà. Èmi ni àna àgbà. Mo ti fọ ọkọ̀ mi sílẹ̀. Àfi bí Bàbá ṣe pè mí lórí fóònù, tó ní, "Ọkọ Ràmọ́tà, Múfú ni yóò gbé mi o. Ọkọ̀ tiẹ̀ ò ní já wa kulẹ̀ nídìí epo."

Mo ní, "Kò burú, Bàbá." Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo ti ẹ̀bà tó wà níwájú mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n omi bọ́ lójú mi.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo lọ sí Ẹ̀pẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀, mo jókòó, mo mu omi, mo wá fa ojú ro.

"Bàbá, ẹ gbọ́ nǹkan tí ìjọba sọ? Wọ́n ní ọkọ̀ dísù ò gbọdọ̀ wọ àárín Èkó mọ́. Nítorí èéfín. Ẹni tí wọ́n bá rí, wọ́n á gba ọkọ̀ ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Orí rédíò ni mo ti gbọ́ ọ."

Múfú wà níbẹ̀, ó ń gbé yìnyín wọlé fún Màmá. Ó dúró. "Ẹ̀gbọ́n, mi ò gbọ́ irú ẹ̀ o."

"Yìnyín lò ń tà, ìgbà wo lo máa ráyè gbọ́ rédíò?"

Bàbá fọwọ́ pa irùngbọ̀n. Ìbẹ̀rù kí bàálù má fi òun sílẹ̀ ti wọ inú ẹ̀. Ó ní, "Múfú, má bínú. Ọkọ Ràmọ́tà ni yóò gbé mi." Múfú kò jiyàn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n ló mọ̀ jù." Inú mi dùn dé ibi pé mo jẹ ẹja méjì.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ohun tí mi ò rò ni pé Bàbá yóò gbé òfin mi lọ sí mọ́ṣáláṣí, pé lẹ́yìn ìrun, yóò ṣàlàyé ẹ̀ fún gbogbo jàmáà. Nígbà tí mo dé láàárọ̀ ọjọ́ ìrìnàjò, mo bá ọlọ́kọ̀ bọ́ọ̀sì tí wọ́n ti háyà fún àwọn obìnrin ilé níwájú ilé, ọwọ́ ẹ̀ wà lẹ́yìn.

"Alájì, ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí. Dísù ni bọ́ọ̀sì mi ń mu. Mi ò lè gbé e lọ kí wọ́n gbà á." Ó yíjú, ó lọ.

Gbogbo wọn wá ń wo èmi. Múfú ti gbé ọkọ̀ tiẹ̀ dé, ó ní bí wọ́n bá fẹ́ gbà á, kí wọ́n gbà á, òun ò ní jẹ́ kí Bàbá lọ láìsin ín. Ṣùgbọ́n kò sí obìnrin kan tó fẹ́ wọ ọkọ̀ tí ìjọba fẹ́ gbà. Bí Bàbá ṣe jókòó síwájú ọkọ̀ mi nìyẹn, tí Màmá, àwọn àbúrò Bàbá obìnrin méjì àti Ràmọ́tà ìyàwó mi há ara wọn sẹ́yìn, pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ oúnjẹ lórí itan. Múfú tẹ̀ lé wa, ọkọ̀ ẹ̀ ṣófo.

Kí a tó dé Ìtòìkín, ọwọ́ epo ti ń sọ̀ kalẹ̀. Mo pa ẹ̀rọ amúlétutù, mo ní atẹ́gùn Ọlọ́run ló dára jù. Màmá ń fi ẹ̀gbẹ́ gèlè nu ojú. Mo wo dígí, mi ò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí Múfú mọ́. Èéfín ọkọ̀ mi ló bò ó, ó ń fi wáípà nu gíláàsì lọ́jọ́ tí òjò ò rọ̀.

A ń wọ Ìkòròdú bọ̀ nígbà tí àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò dá wa dúró. Èyí tó jẹ́ àgbà nínú wọn ní kí n sọ̀ kalẹ̀, kí n wá wo ẹ̀yìn ọkọ̀ mi. Mo wò ó, mo wúkọ́. Ó béèrè ìwé àyẹ̀wò ọkọ̀. Ìwé náà ti kú lọ́dún tó kọjá. Ó ní ọkọ̀ mi ò ní kúrò níbẹ̀. Àkókò bàálù sì ń lọ.

Ìgbà náà ni Múfú, tí èéfín mi ti dá sẹ́yìn, dé. Ọkùnrin náà wo ọkọ̀ dísù yẹn níwájú, ó wò ó lẹ́yìn, ó wo ìwé, ó júwọ́ sí i pé kó máa lọ.

Bàbá yọrí lójú fèrèsé. "Ọmọ mi, ẹ ò ní gba ti dísù yẹn ni?"

"Kí la fẹ́ fi ṣe, Bàbá? Èéfín là ń mú, a kì í mú epo."

"Wọ́n ní ìjọba ti ṣòfin."

"Kò sírú òfin bẹ́ẹ̀, Bàbá. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún yín purọ́."

Bàbá yíjú sí mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ọkọ Ràmọ́tà, rédíò wo lo ti gbọ́ ọ?"

Ìyàwó mi ló dáhùn látẹ̀yìn: "Rédíò wo? Ti ọkọ̀ yìí ti bàjẹ́ láti Iléyá tó kọjá. A ò sì ní òmíràn nílé."

Wọ́n kó sínú ọkọ̀ Múfú, Bàbá níwájú, àwọn ìyá mẹ́ta lẹ́yìn. Múfú kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ó kàn ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́," ó sì wakọ̀ lọ. Èmi àti Ràmọ́tà jókòó sórí òkúta lẹ́bàá títì. Ó ṣí apẹ̀rẹ̀ oúnjẹ tí wọ́n gbàgbé, ó jẹ tiẹ̀, kò fi lọ̀ mí.

Bàbá bá bàálù. Lọ́jọ́ kan, fóònù mi dún, nọ́ńbà gígùn kan ni.

"Ọkọ Ràmọ́tà, Árafà la wà yìí. Orúkọ tìrẹ ni mo kọ́kọ́ dá."

Orí mi wú. Ó yẹ kí n dúpẹ́, ṣùgbọ́n ìlara kì í kú lọ́jọ́ kan. Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ dá tèmi ṣáájú ti Múfú lóòótọ́?"

"Múfú ló ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Inú ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn ló ti bẹ̀ mí. Ó ní kí n fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n òun, kí n bá ọ tọrọ ọkọ̀ dísù."

Mo rẹ́rìn-ín. Kí ni mo tún lè ṣe? Láti ìgbà náà, kí n tó la ẹnu sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ẹlòmíì, mo máa ń kọ́kọ́ lọ wo ẹ̀yìn tèmi, bóyá ó ń rú èéfín. Àdúà yẹn kò tíì gbà. Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí mo bá gbọ́ ọkọ̀ Múfú tó ń dún bọ̀ bí ẹ̀rọ ìlọta níwájú ilé wa, mo máa ń ṣe àmín sínú.