Ikọ́ Tí Kì Í Wọ Mọ́tò

Ẹjọ́ kan wọ ààfin lánàá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ààfin tí mo wí yìí, basement, yàrá abẹ́ ilé Olóyè Adéníjì ni, ní Martindale, àdúgbò wa nílẹ̀ òyìnbó níbí. Láti ọdún tí owó epo ti já wálẹ̀ tí wọ́n sì ti dá Olóyè dúró lẹ́nu iṣẹ́, ẹjọ́ wa ló kù tí wọ́n ń dá.

Bámgbóyè, ẹnjiníà epo tó ti di oníṣẹ́ warehouse, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Kábíyèsí, ikọ́ ife ṣe mí. Mo lo oògùn oṣù mẹ́fà, dókítà sì kọ lẹ́tà pé mi ò lè kó o ran ẹnikẹ́ni. Mùnírù yìí, tí a jọ ń ṣiṣẹ́, lọ kọ̀wé sí supervisor pé ẹ̀rù mi ń ba òun. Wọ́n ní kí n lọ jókòó sílé. Monday tó ń bọ̀ wọ́n máa dín èèyàn kù, orúkọ mi ló wà lókè."

"Mùnírù, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Olóyè béèrè.

"Ẹ̀rù ń bà mí lóòótọ́, Kábíyèsí. Bí ẹ̀gbọ́n bá ti lo microwave, mi ò lò ó mọ́. Oúnjẹ tútù ni mo ń jẹ."

Sofiullahi, ọ̀rẹ́ Mùnírù, dìde láti jẹ́rìí. "Ẹ̀gbọ́n ń wúkọ́ gan-an. Thursday tó kọjá, wọ́n wúkọ́ títí páálí fi já lulẹ̀."

Mọ̀nsúrát, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ní, "Thursday wo? Ẹ̀gbọ́n ti wà nílé láti Tuesday tó ṣáájú ẹ̀. Ọwọ́ ẹ ni páálí yẹn ti já bọ́."

Sofiullahi jókòó wẹ́rẹ́.

Mọ̀nsúrát tún ní, "Kábíyèsí, ẹ bi Mùnírù, mọ́tò ta ló ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ kí Tuesday yẹn tó dé?"

"Ti ẹ̀gbọ́n ni," Mùnírù fèsì. "Bọ́ọ̀sì ò dé ọ̀hún."

"Ẹ̀yìn lò ń jókòó sí?" Olóyè bi í.

"Iwájú ni. Ogójì ìṣẹ́jú."

"Ò ń ṣí fèrèsé?"

"Nínú òtútù minus thirty kẹ̀?"

"Ikọ́ náà ńkọ́?"

"Heater wà níbẹ̀, Kábíyèsí. Ikọ́ ò fẹ́ràn ooru."

"Microwave wá ńkọ́? Ṣé yìnyín ló ń tú jáde?"

Mùnírù wolẹ̀. Ó ní, "Orúkọ èmi ló wà lókè tẹ́lẹ̀, Kábíyèsí. Ọmọ mi wà ní daycare."

Inú bí mi, àánú ẹ̀ sì tún ṣe mí.

Olóyè ní, "Bámgbóyè náà lọ́mọ. Mú bírò. Kọ ọ́ sí supervisor pé irọ́ lo pa. Bí wọ́n bá máa lé e nítorí ikọ́, kí wọ́n kọ́kọ́ lé ìwọ, torí láti November, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lo ti ń sùn tò ń hanrun nínú mọ́tò."

Mùnírù kọ ọ́ tán. Bámgbóyè gba bírò lọ́wọ́ ẹ̀, ó tún English ẹ̀ ṣe níbi méjì, ó ní, "Buwọ́ lù ú."