Erin Tí Ọláòṣebìkan Rà ní Gbàǹjo

Ǹjẹ́ ẹ ti fara balẹ̀ rò ó rí, ẹ̀yin èèyàn mi, ìdí tí àwọn àgbà fi máa ń sọ pé, "Ọjọ́ kan là ń ra erin, ojoojúmọ́ là ń bọ́ ọ"? Ọjà wo ni wọ́n ti ń ta erin? Ta lẹ mọ̀ tó so erin mọ́ ẹ̀yìnkùlé, tó ń já ewé fún un láràárọ̀? Ẹni tó bá wádìí ọ̀rọ̀ yìí dé ìdí yóò rí i pé ẹranko kọ́ ni òwe náà ń bá wí. Ọkọ̀ akẹ́rù ni. Táyà mẹ́fà ló ní, Òkè-Àgbọ̀n sì ni ìlú tí wọ́n ti bọ́ ọ.

Ọláòṣebìkan ni orúkọ ọkùnrin tó rà á. Àgbẹ̀ oníṣu ni. Oko rẹ̀ wà lẹ́yìn òkè, nínú àfonífojì kan tí ilẹ̀ rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, iṣu ibẹ̀ a sì máa tóbi tó itan géńdé. Àmọ́ ọ̀nà ibẹ̀ kì í ṣe ọ̀nà tí ènìyàn ń fi ẹnu sọ. Àpáta ni, ẹrẹ̀ ni, odò kan sì tún dábùú rẹ̀ níbi méjì. Orí ni wọ́n fi ń ru iṣu wálé. Kí wọ́n tó ru ìdajì, òjò àkọ́rọ̀ á ti bá ìdajì yòókù lóko, á sì jẹrà. Lọ́dọọdún ni Ọláòṣebìkan máa ń dúró ti iṣu jíjẹrà bí ẹni tó dúró ti òkú ọ̀rẹ́.

Ní ọdún kan, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilé-iṣẹ́ kan tó ń la títì parí iṣẹ́ rẹ̀ ní ìlú kejì, ó sì kó àwọn ọkọ̀ àlòkù rẹ̀ jáde fún gbàǹjo. Ibẹ̀ ni Ọláòṣebìkan ti kọ́kọ́ fojú kàn án. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì fi í rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ̀yin náà ì bá ṣí fìlà. Táyà rẹ̀ ga dé èjìká àgbàlagbà. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló ń wa ilẹ̀ pọ̀, kò sí èyí tó ń bá ìyókù rìn lásán. Ẹni tó ń tà á sọ pé ó ti la igbó tí ọ̀bọ gan-an ń yẹra fún, ó sì ti gba inú odò tí omi bo iná iwájú rẹ̀ kọjá, kò tilẹ̀ wúkọ́. Ọláòṣebìkan kàn ń fọwọ́ ra á lára bí ẹni tó ń tu màlúù nínú. Nígbà tó béèrè iye rẹ̀, tí wọ́n dá a lóhùn, ó tún un béèrè, nítorí ó rò pé etí òun ló ń ṣe òun. Iye tí wọ́n ń ta alùpùpù méjì ni.

Ṣúbúọlá, aya rẹ̀, ló tẹnu mọ́ ọn pé kí wọ́n mú mẹkáníìkì lọ wò ó kí owó tó kúrò lápò. Ni wọ́n bá mú Sáláwù lọ. Sáláwù wọ abẹ́ ọkọ̀ náà, ó pẹ́ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi rò pé ó ti sùn. Nígbà tó jáde, ó ní irin rẹ̀ kì í ṣe irin òde òní, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì lágbára ju ọgbọ̀n ẹṣin lọ. Ohun kan ṣoṣo ló kù: sítátà tó yẹ kó máa jí ẹ́ńjìnnì náà ti kú. Wọn kò ta irú rẹ̀ mọ́ nílẹ̀ yìí. Bí wọ́n bá sì ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ láti òkè òkun, iye rẹ̀ yóò ju iye ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kó jí àfi kó tì í.

Inú Ọláòṣebìkan dùn. Ta ni títi ọkọ̀ ń dẹ́rù bà nílùú tí ọ̀wẹ̀ wà? Ní Òkè-Àgbọ̀n, ẹni tó bá níṣẹ́ tó ju agbára rẹ̀ lọ yóò bẹ àwọn ọkùnrin ìlú lọ́wẹ̀, wọn yóò wá, wọn kò sì ní gba kọ́bọ̀. Oúnjẹ ni olóko yóò kàn fún wọn, ìyẹn iyán àti ọbẹ̀ tó lẹ́ran, títí ẹnìkọ̀ọ̀kan yóò fi kọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀.

"Ọ̀wẹ̀ kì í gba owó," ó sọ fún aya rẹ̀.

"Bàbá Ayọ̀ọlá," Ṣúbúọlá dá a lóhùn, "ẹ ti béèrè iye tí wọ́n ń tà á. Ẹ kò tíì béèrè iye tó ń jẹ."

Ó rà á.

Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́, ogún ọkùnrin ló jáde, Ọ̀gúnmódedé tí í ṣe olórí àwọn ọ̀dọ́ ìlú sì léwájú wọn. Wọ́n ti ọkọ̀ náà dé iwájú ọjà kó tó jí. Nígbà tó jí, ẹyẹ gbogbo ṣí kúrò lórí igi, ewúrẹ́ wọ inú yàrá lọ, ìyá arúgbó kan sì kúnlẹ̀ kí i kó tó rántí pé mọ́tò ni. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Erin. Ọláòṣebìkan, tó ti wa katakata rí nígbà èwe rẹ̀, jókòó sókè níbẹ̀, ó rí òrùlé gbogbo ìlú láti ojú fèrèsé. Erin gun àpáta bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn. Ó wọ odò, ó jáde. Ó kó ọ̀ọ́dúnrún iṣu lẹ́ẹ̀kan, ẹrù ogójì orí, ó sì tún gun òkè padà láìmí gúlegúle. Àwọn ogún ọkùnrin náà jẹ ọgbọ̀n iṣu. Ọláòṣebìkan ṣírò rẹ̀: ìdá kan nínú mẹ́wàá. Bí ẹ bá ṣírò ó lọ́nà tó gbà ṣírò ó, kò ṣìṣe.

Àṣìṣe náà dé ní ọjọ́ kejì, nígbà tí Erin kú sóko. Kò sí ẹni tí yóò tì í níbẹ̀ àyàfi ọ̀kẹ́rẹ́. Ọláòṣebìkan fẹsẹ̀ rìn wálé, ó bẹ àwọn ènìyàn, wọ́n fẹsẹ̀ rìn lọ, wọ́n sì jẹun lóko pẹ̀lú. Láti ọjọ́ náà ló ti pinnu pé kí àwọn tó ń tì í máa bá a lọ nínú ọkọ̀. Ọgbọ́n nìyẹn. Ṣùgbọ́n ogún ọkùnrin ń gba àyè ọgọ́rùn-ún iṣu. Wọ́n jẹ láàárọ̀ nítorí pé wọ́n tì í nílé, wọ́n jẹ lọ́sàn-án nítorí pé wọ́n tì í lóko. Ẹni tó jẹun yó kò fúyẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ wá wúwo sí i, ó sì nílò ọwọ́ púpọ̀ sí i láti tì í gòkè. Ogún di ọgbọ̀n, ọgbọ̀n di mẹ́rìndínlógójì. Wọ́n gbé odó mẹ́ta sínú ọkọ̀, nítorí pé odó kan kò tó wọn mọ́. Wọ́n gbé àwọn tí yóò gúnyán. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ọjọ́ kan wà tí iṣu tó kù lóko kò lè tó wọn jẹ, Erin sì gbé iṣu láti ilé lọ sóko.

Ọláòṣebìkan gbìyànjú láti já ara rẹ̀ gbà. Fún odidi ọjọ́ mẹ́ta, kò pa ẹ́ńjìnnì náà rárá, kí ẹnikẹ́ni má baà ní ìdí láti tì í. Ewúrẹ́ márùn-ún ló tà láti ra epo tí ọkọ̀ náà mu lórí ìdúró. Síbẹ̀, láràárọ̀ ni Ọ̀gúnmódedé àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ń dé, tí wọ́n ń tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì náà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, tí wọ́n sì ń jókòó sábẹ́ igi. Nígbà tó ṣàlàyé fún wọn pé iṣẹ́ kò sí, Ọ̀gúnmódedé dá a lóhùn pẹ̀lú ìtẹríba.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹni tí a bẹ̀ lọ́wẹ̀, tó dé tí kò báṣẹ́, ẹ̀bi iṣẹ́ nìyẹn. Kì í ṣe ẹ̀bi ikùn."

Bẹ́ẹ̀ ni àṣà ìlú wí. Ó fún wọn lóúnjẹ. Ẹ lè béèrè ìdí tí kò fi tà á. Ìdí kan ni pé, láràárọ̀, nígbà tí irin ńlá náà bá ké, ọkàn rẹ̀ a tún fò sókè bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Nígbà tí ìkùukùu òjò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, kò sí iṣu kankan tó jẹrà lóko lọ́dún náà. Kò sí iṣu lóko ni. Èyí tó kù nínú àká nílé jẹ́ ẹgbẹ̀ta péré, èbù ni gbogbo wọn, èyí tí wọn yóò gbìn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, Ọláòṣebìkan bá Ṣúbúọlá tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà àká, tó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn.

"Bàbá Ayọ̀ọlá," ó ní, "èyí tó kù yìí kì í ṣe iṣu. Ọdún tó ń bọ̀ ni."

Àwọn ọkùnrin mẹ́rìndínlógójì náà ti dé. Wọ́n ti wẹ̀, wọ́n tilẹ̀ ti fọ ọwọ́. Ọláòṣebìkan wo Erin tí òòrùn òwúrọ̀ ń tàn sí lára, ó wo aya rẹ̀, ó sì sọ fún wọn jẹ́jẹ́ pé kí wọ́n máa lọ sílé, oúnjẹ ti tán.

Ẹnu ya Ọ̀gúnmódedé. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti ra erin. Kí ló tún kù?"

"Àbúrò," ni Ọláòṣebìkan wí, "ọjọ́ kan ni mo ra erin. Ojoojúmọ́ ni mò ń bọ́ ọ."

Gbogbo wọn wo iwájú ọkọ̀ náà, wọ́n wo abẹ́ rẹ̀, wọ́n ń wá ibi tó gbé ẹnu sí. Lẹ́yìn náà ni olúkúlùkù bẹ̀rẹ̀ sí í wo ikùn ara rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn rọra fa bùbá rẹ̀ wálẹ̀. Wọ́n kó ara wọn jọ, wọ́n sì ti Erin dé títì ọlọ́dà lọ́fẹ̀ẹ́. Ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn Òkè-Àgbọ̀n tí ọ̀wẹ̀ tú ká láìjẹun. Oníṣòwò gẹdú kan láti ọ̀nà jíjìn rí i níbẹ̀, ó dúró, ó fọwọ́ ra á lára, ó sì rà á.

Iye tí Ọláòṣebìkan fi rà á gẹ́lẹ́ ló tà á. Nítorí náà, bí a bá gbé iye ríra sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí a gbé iye títà sí èkejì, ọkùnrin náà kò pàdánù kọ́bọ̀. Ẹgbẹ̀rún kan àti irinwó iṣu pẹ̀lú ewúrẹ́ márùn-ún ni a kò rí mọ́. Ojú ti àwọn ọkùnrin ìlú. Wọ́n rán Ọ̀gúnmódedé wá láti sọ pé àwọn yóò bá wọn gbin èbù náà lọ́wẹ̀. Ṣúbúọlá kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn gidigidi, ó ní kí wọ́n má ṣe ìyọnu, òun nìkan yóò dá a gbìn.

Ẹ ti gbọ́ ọ báyìí. Ẹni tó bá fi ọkọ̀ ńlá hàn yín ní owó pọ́ọ́kú, ẹ bá a yọ̀, ẹ fọwọ́ ra á lára, ẹ ṣí fìlà fún un bó bá tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ tó tọwọ́ bàpò, ẹ kọ́kọ́ lọ sílé lọ ka iṣu yín. Ọjọ́ kan là ń ra erin, ojoojúmọ́ là ń bọ́ ọ.