Bí Akíndípẹ̀ Ṣe Gba Owó Lẹ́nu Òkun

Ẹ kí Akíndípẹ̀, ará Òǹdó, ọmọ akọni tó gbéjà ko ìgbín nínú oko kòkó, tí ìgbín kò sì rọ́nà sá lọ. Ọmọ ọmọ ògbójú tó fi ìbọn lé eṣinṣin kiri títí ó fi ta ìbọn náà san gbèsè ẹ̀tù! Níbi tí ogun bá ti tán pátápátá, tí ilẹ̀ ti rọ̀, ibẹ̀ ni a ti máa ń bá àwọn baba ńlá rẹ̀ tí wọ́n ń pariwo ìṣẹ́gun.

Erin yìí, tó ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wọlé nítorí gíga fìlà, ló gbọ́ lórí rédíò pé ọkọ̀ ìgbafẹ́ kan yóò gbéra láti Èkó, yóò sì gba ojú òkun lọ jìnnà, pẹ̀lú ibùsùn àti ẹran díndín nínú rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ fò. Owó páànù tí òun àti Jọláadé ìyàwó rẹ̀ ń tọ́jú láti fi pààrọ̀ òrùlé yàrá wọn tó ń jò, ó kó o látòkèdélẹ̀, ó fi san àsansílẹ̀ fún àwọn ọlọ́kọ̀. Kò sọ fún obìnrin náà. Ṣé kìnnìún ń tọrọ àyè kó tó bú ramúramù? Ìgbà tí wọ́n bèèrè ìyókù owó ni kìnnìún rántí pé òun kò ní ìyókù.

Jọláadé gbọ́, kò pariwo.

"Bàbá Ìbídùn, ẹ pè wọ́n lórí fóònù lónìí, kí ẹ ní ẹ ò lọ mọ́."

"Fóònù? Ṣé n kò lẹ́bí ni? Ẹnu àgbà ni a fi ń gba irú owó bẹ́ẹ̀. A ó lọ bẹ̀ wọ́n."

"Wọn ò ní kí ẹ bẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní kí ẹ tètè sọ."

"Obìnrin, o ò mọ ogun."

Ọ̀rọ̀ náà kò sì lọ́jú pọ̀ rárá. Ibùsùn inú ọkọ̀ dà bí ẹja tútù lórí àtẹ. Bí o bá tètè ní o ò rà á mọ́, wọ́n á rí ẹlòmíràn tà á fún, wọ́n á dá owó rẹ padà, wọ́n á yọ díẹ̀ fún wàhálà wọn. Bí o bá jẹ́ kó pẹ́, wọ́n á mú ìdajì. Bí ọkọ̀ bá ku díẹ̀ kó gbéra, ta ni yóò tún rà á? Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n á gbé mì. Òótọ́ ni pé bí ènìyàn bá sanwó sílẹ̀ lọ́dọ̀ aránṣọ, tó wá yí ọkàn padà, àgbà méjì àti ẹ̀bẹ̀ díẹ̀ lè yanjú rẹ̀. Ṣùgbọ́n aránṣọ mọ ìyá rẹ. Ọkọ̀ òkun kò mọ̀ ọ́n.

Ìjì tí kò ṣí fìlà wá ń kó ọmọ ogun jọ. Bàbá Ògúnlékè, àbúrò baba rẹ̀, ni yóò ṣáájú, orúnkún rẹ̀ sì wú. Wọ́n dúró kí wíwú náà rọlẹ̀. Àna rẹ̀ tó mọ ẹ̀bẹ̀ ẹ́ bẹ̀ lọ sìnkú. Wọ́n dúró kó dé. Orógbó tí wọ́n rà kéré lójú rẹ̀. Wọ́n dúró de èyí tó tóbi. Ní gbogbo àsìkò yìí, owó páànù ń yọ́ bí òrí nínú oòrùn.

Níkẹyìn, wọ́n háyà mọ́tò, wọ́n dé Èkó, wọ́n wọ ọ́fíìsì, àwọn mẹ́ta sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ dídán. Ṣindárà, ọmọbìnrin tó jókòó nídìí kọ̀ǹpútà, fò dìde.

"Yéè! Ẹ̀yin bàbá, ẹ dákun, ẹ dìde! Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?"

Ó wo ẹ̀rọ rẹ̀, ó mi orí.

"Bàbá, ọ̀la lọkọ̀ ń gbéra. Ká ní ẹ ti pè wá lóṣù tó kọjá ni, díẹ̀ báyìí là bá yọ. Owó ti wọlé lọ."

"Ọmọ mi, orúnkún mi nìyí o," ni Bàbá Ògúnlékè wí láti ilẹ̀. "Akíndípẹ̀, ta ni yóò gbé mi dìde?"

"Owó èbúté nìkan ló kù," Ṣindárà ní. "Orí ẹni tó bá wọkọ̀ ni èbúté ń gbà á. Ẹ̀yin ò wọ̀ ọ́, a ò lè mú un. Bí ẹ tilẹ̀ dúró sílé, à bá ṣì fi ránṣẹ́ sí yín."

Ó ka owó pọ́ọ́kú náà lé e lọ́wọ́.

Háà! Òkè mì, ọ̀sà ru! Akíndípẹ̀ gba owó tí wọ́n ń fún un, ó gbà á bí ẹni já adé lórí ọba ọ̀tá! Kò tó epo mọ́tò tí wọ́n háyà. Ó tó abọ́ ìfọṣọ oníke kan, pupa, fífẹ̀, èyí tó rà lọ́nà kó má baà wọlé lọ́wọ́ òfo.

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé abọ́ náà sókè bí asà.

"Kí ayé gbọ́! Èmi Akíndípẹ̀ gba owó lẹ́nu òkun!"

Jọláadé wo abọ́. Ó wojú ọ̀run tó ti ṣú. Ó gba abọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wọ yàrá, ó gbé e sórí ibùsùn, níbi tí ọkọ rẹ̀ máa ń gbórí lé gan-an. Òjò bẹ̀rẹ̀. Tó. Tó. Tó.

"Ẹ máa wọlé bọ̀, ọ̀gá atukọ̀," ló wí. "Òkun ti dé."

Nítorí náà, a kéde fún tọmọdé tàgbà: láti òní lọ, Agbowó-lẹ́nu-òkun ni kí ẹ máa pè é. Ẹni tó bá fẹ́ wá kí i kú oríire, kó tètè dé kí abọ́ tó kún.