Àjà Tó Lọ Sókè

Ẹjọ́ tó dé ààfin lánàá, afẹ́fẹ́ ló dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n káfíńtà ni wọ́n rí mú.

Aránṣọ ló pè é lẹ́jọ́. Inú ń bí i débi pé téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ní káfíńtà ò tíì pẹ́ tó kan àjà ilé òun tán tí afẹ́fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Gbogbo fèrèsé wà ní títì, kò ríbi jáde. Ló bá wú sínú ilé, ó ti ògiri ẹ̀yìn síta, ó gbé àjà pẹ̀lú òrùlé lọ.

"Baálẹ̀, ìyá mi arúgbó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ojú ọ̀run ni wọ́n ń wò. Òjò sì ti ń ṣú. Ibo ni kí n gbé wọn sí?"

Wọ́n kọjú sí káfíńtà. Ó rọra tún fìlà ṣe.

"Baálẹ̀, kí àjà má já lulẹ̀ la jọ ṣàdéhùn. Ẹ bi àǹtí yìí, ṣé ó já lulẹ̀? Òkè ló lọ. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni ṣàdéhùn òkè."

Ó tún fi kún un pé ìta lòun mọ ilé afẹ́fẹ́ sí. Ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún un ni kí wọ́n mú.

Ẹlẹ́rìí rẹ̀ ni bíríkìlà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó mọ ògiri náà. Ó ní kò sáfẹ́fẹ́ rárá lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní báwo ló ṣe mọ̀. Ó ní òun ń sáré lé fìlà òun tí afẹ́fẹ́ gbé lọ ni, lòun fi gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ̀rín fẹ́ pa aránṣọ, ó rántí ìyá rẹ̀, ó gbé e mì.

Baálẹ̀ wo ìta, afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Ó ní kí wọ́n ti gbogbo fèrèsé ààfin, kí wọ́n sì ṣílẹ̀kùn ńlá sílẹ̀ gbayawu. Àjà bẹ̀rẹ̀ sí í mì gìrìgìrì. Kí ìjòyè kankan tó gbójú sókè, káfíńtà ti dé ẹnu ọ̀nà.

"Ibo lò ń lọ?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Baálẹ̀, èmi náà ni mo kan eléyìí."

Wọ́n yára ṣí fèrèsé. Baálẹ̀ wá dájọ́.

"Yàrá ẹ ni ìyá aránṣọ yóò máa gbé títí wàá fi tún ilé wọn ṣe. So àjà mọ́ òrùlé, so òrùlé mọ́ ògiri. Tó o bá parí, ìyá ìyàwó ẹ ni yóò kọ́kọ́ jókòó sábẹ́ ẹ̀, fèrèsé títì, ilẹ̀kùn ṣíṣí. Bí afẹ́fẹ́ bá gbé wọn, ìwọ fúnra ẹ ni wàá ṣàlàyé fún ìyàwó ẹ pé ìyá ẹ̀ ò ṣubú, òkè ni wọ́n lọ."

Káfíńtà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Nígbà tí aránṣọ fi máa délé, káfíńtà ti wà níwájú ilé, ó di ìṣó gígùn mọ́wọ́ méjèèjì.