Àgbà Awakọ̀ Gbé Ìtẹ́ Sẹ́yìn

Ẹ má bi ọkọ aránṣọ léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Kò ní sọ fún yín pé fáìlì lòun ń tò ní ọ́fíìsì. Àgbà Awakọ̀ ló sọ ara rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí iwájú jíìpù rẹ̀, jíìpù kan tí kò tóbi, tí kò sì kéré. Láti ọjọ́ tó ti rà á, kọ́kọ́rọ́ kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kódà nínú balùwẹ̀.

Aránṣọ fi í sílẹ̀ pẹ̀lú àṣà rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo lòun ń wá. Ọdún mọ́kànlá ló ti jókòó ti máṣíìnì ìránṣọ láìsinmi, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wú, ó sì fẹ́ sun oorun alẹ́ méjì péré létí adágún omi. Ọkọ rẹ̀ ní kò sí wàhálà. Ó yá ilé onítáyà kan, yàrá kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò.

"Jíìpù mi á fà á bí ẹni fa ewúrẹ́," ló wí. Ó gbàgbé pé ewúrẹ́ náà máa ń fa ẹni tó ń fà á.

Mẹkáníìkì tó bá a fi ìkọ́ de ilé náà mọ́ jíìpù kìlọ̀ fún un. "Ẹ̀gbọ́n, ẹrù tó bá wúwo, apá iwájú ilé yìí ni kẹ́ ẹ kó o sí. Tó bá lọ sẹ́yìn, ilé á máa jó lójú títì."

"Ṣé ìwọ lo máa wá kọ́ mi ní mọ́tò?"

Ó gbé àga onírin ràgàjì tí òun nìkan máa ń jókòó sí, ó gbé e sẹ́yìn pátápátá, lábẹ́ fèrèsé ńlá. Ó fi kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́jọ yí i ká kó má baà ṣubú.

"Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn gbọ́dọ̀ mọ irú ẹni tó ń lọ níwájú."

Ìyá aránṣọ náà bá wọn lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Màmá ti gbìyànjú láti sọ iṣẹ́ tóun ṣe jẹun fún àna rẹ̀ yìí, ìtàn jíìpù ò jẹ́ kó parí. Ó tẹjú mọ́ ìkọ́. "Ọmọ mi, àga yẹn..."

"Màmá, ẹ lọ jókòó sẹ́yìn jàre. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin nìyí."

Màmá wọ ẹ̀yìn jíìpù, ó de bẹ́líìtì.

Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àkọ́kọ́, ilé bẹ̀rẹ̀ sí í ju ìdí sọ́tùn-ún, ju ìdí sósì. Jíìpù ń bá a jó. Aránṣọ di ilẹ̀kùn mú, ó ń wo aago. Aago mẹ́fà ni wọ́n ń ti ibùdó etí adágún, aago mẹ́rin ààbọ̀ sì ti lù.

"Afẹ́fẹ́ ni," ni Àgbà Awakọ̀ wí, òógùn bò ó. Ewé igi kan ò mì.

Ó yà sí ilé epo kí afẹ́fẹ́ lè rọlẹ̀. Ibi tí àwọn èèyàn ń gbà jáde ló gbà wọlé. Mọ́tò méje kò ó lójú, wọ́n ń fun fèrè. Ó di kó fi ẹ̀yìn rìn. Ó yí sítíárì sọ́tùn-ún, ilé yà sósì. Ó yí i sósì, ilé yà sọ́tùn-ún, ó sì dábùú ọ̀nà.

"Ẹ má pariwo! Mo mọ ohun tí mò ń ṣe!"

"Àgbà Awakọ̀ mà lẹ kọ síbẹ̀ yẹn o," ni awakọ̀ tańkà kan wí. Gbogbo ilé epo bú sẹ́rìn-ín.

Aago márùn-ún kọjá. Inú bí aránṣọ débi pé ìtìjú ò ráyè mú un. Oorun rẹ̀ ló ń lọ yẹn.

"Olówó orí mi, ẹ bọ́ sílẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélógún ni ìyá mi fi wa katakata tó ń fa ọkọ̀ ìkẹ́rù lóko ńlá."

Ó bọ́ sílẹ̀, ó na kọ́kọ́rọ́ sí Màmá. Màmá ò tíì fọwọ́ kan sítíárì. "Ọmọ mi, kọ́kọ́ lọ gbé ìtẹ́ rẹ wá síwájú ilé ná."

Lójú gbogbo wọn ló gbé e, pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì mẹ́jọ, lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni Màmá fi ẹ̀yìn mú jíìpù àti ilé jáde ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, bí ẹni yọ òwú lójú abẹ́rẹ́. Awakọ̀ tańkà pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí wọ́n bọ́ sí títì, ilé ò jó mọ́. "Alágbára má mèrò..." ni Màmá wí, ó sì fi ìyókù sílẹ̀ fún àna rẹ̀.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago mẹ́fà lù nígbà tí wọ́n dé ibùdó. Ọlọ́dẹ ka ohun tó wà níwájú jíìpù, ó tẹrí ba.

"Ẹ káàbọ̀ o, Àgbà Awakọ̀!"

Lẹ́yìn níbi tó jókòó sí, ọkọ aránṣọ ti la ẹnu láti dáhùn kó tó rí i pé Màmá ni wọ́n ń kí.